Ogún Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Àgbà Jẹ

Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri Ìlárá pé bàbá àgbà mi jẹ ogún ọmọdé kí wọ́n tó kú, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ojú mi ló ṣe, èmi gan-an ni mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé ogún náà fún wọn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò mọ irú ẹni tó jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ka ìtàn ìgbésí ayé Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ọlọ́yàyà ni, wọ́n ní ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Mo wò yíká, mo ń bi ara mi pé òkú ta ni wọ́n ń sin. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n lè jókòó tì ọ́ láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n má sọ ju "hùn-ún" lọ, bí o bá sì ń sọ̀sọkúsọ, "hùn-ún" náà ò ní jáde.

Akódà kóòtù ìbílẹ̀ ni Bàbá nígbà tí ara wọn ṣì le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbájú mọ́ oko obì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kóòtù, kì í sì í ṣe obì, ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Bí ẹnì kan bá kú, tí ẹrù rẹ̀ bá fẹ́ di ìjà, Bàbá ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè wá pín in. Wọ́n á dé fìlà dúdú kan báyìí tí wọn kì í dé lọ síbòmíràn, wọ́n á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á pín in títí dórí ìgbálẹ̀. Wọn kì í jẹun nílé tí wọ́n bá ti pín ogún. Wọn kì í mu omi ibẹ̀. Mo bi wọ́n rí pé kí ló burú nínú omi tútù lásán, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n bọ̀ lọ́nà. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń pín ẹran kì í lá ọwọ́."

Ilé wa náà kò bọ́ nínú òfin yìí. Oníkálukú ló ní ife tirẹ̀, oníkálukú ló ní ṣíbí tirẹ̀, Bàbá kò sì jẹ́ fi ife ọmọdé mu omi láìtọrọ. Bí wọ́n bá fẹ́ jókòó sórí àpótí tí ọ̀kan nínú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ṣé kò sẹ́ni níbí?" Ẹ̀gbọ́n mi Gbénga, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù àgbà, sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ra àpótí yìí o. Ilé yín sì ni." Bàbá dúró gbọnin, wọn ò jókòó. Wọ́n ní, "Ìdí tìẹ ló mú un gbóná."

Mo rántí ìgbà kan tí wọ́n mú mi dání lọ sí Àkàkà. Télọ̀ kan ló kú níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin, kò níyàwó, kò bímọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Télọ̀ lòun náà, máṣíìnì tirẹ̀ ti bàjẹ́, gbogbo àdúgbò ló sì gbà pé òun ló yẹ kó gbé e. Bàbá kọ̀. Wọ́n gbé máṣíìnì náà fún àbúrò òkú, ọmọbìnrin kékeré kan tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n náà sunkún lójú gbogbo èèyàn, mo ṣàánú rẹ̀. Nígbà tá à ń padà bọ̀ lórí ọ̀kadà, mo ní Bàbá ì bá fún un. Bàbá ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ohun tí ọmọdé bá kú fi sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ní ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ ẹ́, bàbá kì í jẹ ẹ́, àgbà tó bá jẹ ẹ́ ti bá ikú dòwò. "Omi kì í ṣàn gòkè," ni wọ́n sọ sí mi létí. "Ogún náà kì í gòkè."

Ìjà tó le jù tí Bàbá jà láyé wọn, àbúrò wọn, Bàbá Kékeré, ni wọ́n bá jà á. Àlejò kan dáko sórí ilẹ̀ ẹbí wa, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì gbin obì síbẹ̀. Nígbà tí obì náà bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa, Bàbá Kékeré ní kí ẹbí gba ilẹ̀ padà tòun ti igi orí rẹ̀. Ó ní ṣebí orí ilẹ̀ wa ló hù sí. Inú ìpàdé ẹbí ni Bàbá ti dìde, tí wọ́n gbè sẹ́yìn àlejò. Àtọjọ́ náà ni Bàbá Kékeré kò ti bá wọn jẹun mọ́. Mo gbọ́ gbólóhùn tí Bàbá fi kó wọn láyà jẹ lọ́jọ́ yẹn lẹ́nu àwọn méjì tí wọ́n jókòó síbẹ̀, bákan náà ni wọ́n sì sọ ọ́: "Onílẹ̀ ló ni ilẹ̀. Ẹni tó gbin igi ló ni igi."

Gbénga ló gbé eré kan wọlé. Eré ẹnu ni, orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é. Tóbi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì, ni olórí eré. Tóbi ló fi ọgbọ́n orí rẹ̀ dá ìlú inú eré sílẹ̀, àti odò rẹ̀, àti ọba rẹ̀, àti àwọn ọ̀tá tó ń gbógun bọ̀. Ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn yòókù á wá dá èèyàn kan tirẹ̀, á sọ ọ́ lórúkọ, òun ni yóò sì máa sọ̀rọ̀ fún un. Tóbi á ní, "Ẹ dé etí odò, afárá ti já. Kí lẹ máa ṣe?" Oníkálukú á sọ ohun tí èèyàn tirẹ̀ ṣe, wọ́n á ju dáìsì lúdò, iye tó bá jáde ni yóò sọ bóyá ó rí i ṣe tàbí kò rí i ṣe. Kò ju ìyẹn lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń ṣe é ní fàráńdà Bàbá.

Gbénga tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, arúgbó ló dá. Jagunlabí lorúkọ rẹ̀, jagunjagun tó ti fi ogun sílẹ̀ tó wá ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú. Gbénga fún un ní ohùn kan: ó ń ránmú, ó ń fa ọ̀rọ̀ gùn, bíi pé kò sí ohun tó ń kán an lójú láyé. Bí àwọn yòókù bá ń sáré kiri pé ọ̀tá dé, Jagunlabí á ní, "Ẹ rọra o, ilẹ̀ ò ní lọ." Ìyá wa á gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa kì í ṣe ẹlẹ́rìn-ín púpọ̀. Bàbá wa ti kú nígbà tá a ṣì kéré, ilé bàbá ọkọ rẹ̀ ló ti tọ́ wa dàgbà, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jagunlabí a máa pa á lẹ́rìn-ín. Bàbá á dijú lórí àga wọn bí ẹni tó ń sùn. Irọ́ ni. Lọ́jọ́ kan tí Gbénga ń bu omi, wọ́n ní, "Jagunlabí yẹn, ṣé wọ́n ti tú u sílẹ̀ lẹ́wọ̀n?"

Típà tó ru yanrìn ló pa Gbénga lójú ọ̀nà Ìrolú. Ọ̀kadà ló gùn. Ọlọ́kadà yè é, Gbénga ò dé ọsibítù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín, wọn ò sì jẹ́ kí ìyá wa tàbí Bàbá dé ibẹ̀, nítorí òbí kì í fojú rí sàréè ọmọ. Bàbá wọ yàrá, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo gbé ẹ̀kọ wọlé fún wọn, mo tún gbé e jáde bó ṣe wà. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni, "Ó yẹ kó jẹ́ òun ló máa wá pín tèmi."

Lẹ́yìn tí àwọn tó ń wá kí wa dín kù, Tóbi àti àwọn ọ̀rẹ́ Gbénga méjì yòókù wá ní ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣeré náà fi rántí rẹ̀. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, mo nu tábìlì fún wọn. Eré ń lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, títí wọ́n fi dé ẹnubodè. Èèyàn gbọ́dọ̀ wà ní ẹnubodè. Tóbi bá gba Jagunlabí sẹ́nu. Ó ránmú, ó fa ọ̀rọ̀ gùn, ó ní, "Ẹ rọra o, ilẹ̀ ò ní lọ." Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá wa jáde láti yàrá láìwé gèlè, ó fọwọ́ kan di ìró rẹ̀ mú. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn wò. Ó ní, "Gbénga dà?"

Bàbá dìde lórí àga wọn, wọ́n di ìyá wa lápá mú wọlé, wọ́n sì padà síta. Wọ́n ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí lẹ́ẹ̀kan?" Tóbi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní kí Bàbá má bínú, ó ní eré kò lè dúró ni, àwọn nílò Jagunlabí. Ó tún wá fi òmùgọ̀ kún un, ó sọ ohun tó fẹ́ fi Jagunlabí ṣe: yóò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, yóò ṣílẹ̀kùn ìlú fún ọ̀tá, eré á lè tẹ̀síwájú láti ibẹ̀. Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wá ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí wọ́n sì mú ohun gbogbo tó jẹ́ ti Gbénga nínú eré náà dání.

Nígbà tí wọ́n dé, fìlà dúdú ló wà lórí Bàbá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ogún ni wọ́n fẹ́ pín. Ìyá wa jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá ní kí Tóbi wí tẹnu rẹ̀.

Tóbi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń gbó yín lẹ́nu. Géèmù yìí, èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo ni ìlú yẹn. Bí mi ò bá sí, ibo ni Jagunlabí á dúró sí?"

"Òótọ́ lo sọ. Ìwọ lo ni ilẹ̀. Ta ló sọ ọ́ ní Jagunlabí?"

"Gbénga ni, sà."

"Ohùn yẹn ńkọ́?"

"Gbénga náà ni."

"O rí i báyìí. Orí ilẹ̀ rẹ ló gbin igi sí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tó fi ń wá bá ọ ṣeré, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san fún ọ. O ò lè tìtorí pé ó kú kó o wá máa gé igi ẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn yòókù ní ṣé kò lè jẹ́ ti gbogbo àwọn, nítorí àwọn àti Jagunlabí jọ rin ìrìn àjò ni, àwọn jọ jìyà. Bàbá ní, "Ẹ bá a rìn. Ẹni tó bá èèyàn rìn kì í jogún ẹ̀." Wọ́n wá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀, àbúrò ẹ̀ ọmọ ìyá ẹ̀ ni ọ́. Wá gbé e. Bí ìwọ ò bá sọ̀rọ̀ fún un, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún un." Mo kúnlẹ̀, mo gba páálí tí Gbénga kọ orúkọ àti agbára Jagunlabí sí. Bàbá bọ́ fìlà wọn. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ìyá wa pè mí sí yàrá. Ó ní, "Pè é kí n gbọ́." Mo ní, "Pe ta ni, Mọ́mì?" Ó ní kí n má ṣe bíi pé mi ò mọ̀. Mo ránmú, mo ní, "Ẹ rọra o, ilẹ̀ ò ní lọ." Ó mi orí. Ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́. Fà á díẹ̀." Mo fà á. Ó ní mo fà á jù. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó di ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kò lọ sọ́jà mọ́, gààrí rẹ̀ bu nínú àpò. Á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á dijú, á máa tún ohùn ọmọ rẹ̀ ṣe lẹ́nu mi bí ẹni tó ń tún aṣọ gán. Lọ́jọ́ tí mo bá gbé e sún mọ́ ti Gbénga díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Á bi í bóyá ó ti jẹun. Èmi tí mo wà níbẹ̀, kò rí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra Gbénga, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ni. Mo sì ń bẹ̀rù pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mo máa rí ohùn náà mú pátápátá, tí ìyá wa kò sì ní jẹ́ kí n jáde kúrò nínú rẹ̀ mọ́.

Bàbá ń gbọ́. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá méjèèjì. Mi ò lè sọ ohun tó ń lọ nínú wọn, mo kàn mọ̀ pé wọn ò jókòó sí fàráńdà mọ́, wọ́n ti dẹ́kun bíbi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó jẹ mí ní nǹkan. Ìdájọ́ wọn tọ́. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n pín arákùnrin mi bí ẹni pín máṣíìnì.

Ní ọjọ́ Àìkú kan tí ìyá wa lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, Bàbá ránṣẹ́ pe Tóbi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá jókòó ti tábìlì, wọn ò dé fìlà kankan. Wọ́n nawọ́ sí mi. Wọ́n ní, "Gbé e fún mi."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ò lè gbà á. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Àgbà tó bá jẹ ẹ́..."

"Bọ́sẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti wúwo jù fún ọ. Gbé e wá."

Mo gbé páálí náà lé ọwọ́ wọn. Wọ́n bi Tóbi pé ibo ni Jagunlabí wà. Tóbi ní ẹnubodè ni, ọ̀tá ti yí ìlú ká, àwọn ará ìlú ń gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Bàbá ní, "Ó ti ìlẹ̀kùn. Ó jókòó ti ìlẹ̀kùn." Tóbi ní ọ̀tá pọ̀, ó ní bí Jagunlabí bá dìde báyìí, ó ṣì lè bá àwọn yòókù lọ. Bàbá ní, "Kò dìde. Àwọn èèyàn ẹ̀ ti lọ tán?" Tóbi ní wọ́n ti lọ tán. Omi ti lé sí i lójú. Ó ti dáìsì sún mọ́ Bàbá, ó ní kí wọ́n jù ú, ó ní bóyá á bọ́ sí i, bóyá á yè é. Bàbá da ọwọ́ bo dáìsì náà. Wọ́n ní, "A ò jù ú. Jagunlabí kú síbẹ̀. Ẹ sin ín." Wọ́n ya páálí náà sí méjì, wọ́n kó o sí àpò, wọ́n wọlé.

Èmi ni mo sọ fún ìyá wa nígbà tó dé. Mo rò pé á pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ẹgbẹ́, ó ní Bàbá ti pa ọmọ òun lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ kejì ó kúnlẹ̀ kí wọn bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ, ó gbé oúnjẹ fún wọn, ó gé èékánná wọn nígbà tí ọwọ́ wọn ò gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí "Ẹ káàárọ̀" àti "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́," kò bá wọn sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ títí wọ́n fi kú.

Bàbá Kékeré ló gbé ọ̀rọ̀ ogún tí Bàbá jẹ yìí jáde síta. Ó ti ń wá ohun tí yóò fi mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìgbà ìjà obì, ọwọ́ rẹ̀ bà á wàyí. Ó ní ẹni tó ń fi omi tó ń ṣàn dá àwọn èèyàn lẹ́kun ti gbé omi tirẹ̀ gòkè. Láàárín oṣù díẹ̀, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe Bàbá wá pín ogún mọ́. Ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ wọn wú, èémí wọn kò já geere. Àwọn tó wá bẹ̀ wọ́n wò ń wo ẹsẹ̀ náà, wọ́n ń wo ara wọn. Inú bí mi dé ibi tí mo ní n ó lé gbogbo wọn jáde. Bàbá ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ní, "Mo jẹ ẹ́. Ó korò. Mi ò tún un jẹ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Nígbà tí Bàbá kú, ojúde ilé la sin wọ́n sí. Lẹ́yìn tí àlejò ti túká, èmi àti ìyá wa jókòó nílé ìdáná, à ń bẹ ẹ̀gẹ́. Nígbà tó yá ó ní, láìgbé ojú sókè, "Bọ́sẹ̀, lọ́jọ́ tí mo lọ sípàdé yẹn. Nígbà tí Bàbá ń sọ̀rọ̀ fún Jagunlabí. Ṣé wọ́n ránmú?"

Mo ní, "Rárá, Mọ́mì."

"Wọn ò fà á?"

"Wọn ò fà á. Ohùn ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èdè Rẹ́mọ tí wọ́n máa ń sọ sí wa náà ni. Wọn ò fọwọ́ kan ohùn ẹ̀gbọ́n mi."

Ó di ọ̀bẹ mú, kò bẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn mi jáde sí ojúde. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ erùpẹ̀ tuntun náà. Ó kọ́kọ́ kí wọn bó ṣe máa ń kí wọn. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn sọ̀rọ̀.